Ọ̀rọ̀ Kan Lé

Ìwé ìṣirò bàbá bàbá mi ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí.
Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan,
ṣùgbọ́n tàdáwà kò tíì ṣá.
Hesekáyà Fámúrewá, akọ̀wé wáyà,
ilé ìfìwéránṣẹ́ Àkúrẹ́, nígbà ogun Hítílà.
Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ nígbà náà bí ẹni ń ka ẹ̀kùrọ́:
ọ̀rọ̀ kan, tọ́rọ́ kan;
ọ̀rọ̀ méjì, sísì.

Àwọn ìjọba tó jọ ń jagun lápá kan náà
ti jókòó, wọ́n ti mu tíì,
wọ́n ti fẹnu kò pé àánú àwọn ogunléndé ṣe wọ́n.
Ta ni yóò wá gbà wọ́n sílé?
Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ níwájú."
Èkejì ní, "Ó tì o, àbúrò, ìwọ ni kó o ṣáájú."
Bí àna méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà,
tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn
títí òjò fi pa aláàárù tó dúró lẹ́yìn wọn.

Ìbéèrè wá ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn,
ó gba Èkó, ó gba Ìbàdàn,
ó balẹ̀ sórí tábìlì Àjẹ́lẹ̀ ní Àkúrẹ́:
ÈNÌYÀN MÉLÒÓ NI Ẹ LÈ GBÀ?

Àjẹ́lẹ̀ kò pẹ́ kó tó kọ èsì.
KÒ SÍ ÀYÈ. À Ń DÚRÓ DE ÀṢẸ.
Bàbá àgbà kà á: ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, ṣílè méjì.
Ó wo ojú fèrèsé.
Ilé ìsinmi àwọn òyìnbó wà ní òdìkejì títì,
yàrá mẹ́fà, alángbá nìkan ló ń sùn níbẹ̀,
ewúrẹ́ Alàgbà Ọlọ́fínbíyìí sì bímọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lánàá.

Ìyá tó tọ́ ọ dàgbà, ogun ló lé e dé.
Kò tíì ga tó ọmọ odó
nígbà tí wọ́n sun ìlú wọn ní Èkìtì
tí òun àti àbúrò rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé etí odò Àlà.
Àkúrẹ́ yọ̀ǹda ilé. Ìdànrè ṣèlérí iṣu.
Ẹ má rò pé ó rọrùn:
ikọ̀ lọ, ikọ̀ bọ̀,
wọ́n ń jiyàn lórí ta ni yóò ru iṣu sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.
Àbúrò kú lọ́jọ́ kẹta.
Iṣu dé lọ́jọ́ kẹrin.
Wọ́n sun ún, ó jẹ ẹ́.
"Ó dùn," ni ìyá máa ń wí títí tó fi darúgbó,
"ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Bàbá àgbà gbọ́wọ́ lé irin wáyà.
Tí-tà, tí-tí-tà.
Ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí wọ́n ṣe wà.
Lẹ́yìn náà ó fi ẹyọ kan lé e:
KÍÁKÍÁ.

À Ń DÚRÓ DE ÀṢẸ KÍÁKÍÁ.

Ó yọ tọ́rọ́ lápò ara rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpótí ìjọba.
Owó epo àtùpà ni.
Inú òkùnkùn ni wọ́n ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà,
ìyàwó rẹ̀ sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣẹ kò dé. Ogunléndé kankan kò dé.
Ohun tó dé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà péré, ni ìwé pẹlẹbẹ kan:
ta ló fún akọ̀wé láṣẹ láti fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ Àjẹ́lẹ̀?
Wọ́n gé owó oṣù rẹ̀.
Ọ̀nà tó jìn fún oúnjẹ kò jìn fún ẹ̀sùn.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ní òkè òkun
ka ọ̀rọ̀ kẹsàn-án náà.
Ó lè jẹ́ pé inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló sùn.
Ṣùgbọ́n níwájú ọjọ́ náà nínú ìwé,
pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, lẹ́tà wẹ́wẹ́,
bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i:
Tọ́rọ́. Tèmi.